Village People: ṣé dísíkò ló kú mọ́ wọn lórí, àbí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é?

Abẹ́rẹ́Jẹ́jẹ́ kọ:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Village People níbí, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kọ dísíkò, orin ilé ijó, tí wọ́n ń wọ aṣọ ọlọ́pàá, kábọ́ì àti òṣìṣẹ́ ìkọ́lé ṣeré, gbólóhùn kan náà la máa ń gbọ́: "Dísíkò kú, ó sì gbé wọn lọ." Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe tò tẹ̀ léra. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1977. Nígbà tó fi máa di January 1979, "Y.M.C.A." ti gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tó fi dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà. Ní June 1980, fíìmù wọn jáde, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọdún mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀. Kí ló bà á jẹ́ gan-an? Ẹni tó bá mọ̀ kó bá wa tú u. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá sọ fún wa pé ayé ló yí.

Ṣaworo77 kọ:

Ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àléébù náà ti wọlé. Kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ tó ń kọrin pọ̀ ló di ẹgbẹ́. Ará Faransé méjì tí wọ́n bí sí Casablanca ní Mòrókò ló rò ó jọ: Jacques Morali tó ń ṣe orin, àti Henri Belolo tó ń wo owó. Wọ́n ti ṣe Ritchie Family, àwọn obìnrin mẹ́ta kan, wọ́n sì ti rówó díẹ̀ níbẹ̀.

Belolo ló sọ bí èrò náà ṣe wá. Àwọn méjèèjì ń rìn lọ ní Greenwich Village, New York, ni wọ́n bá gbọ́ ṣaworo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń kọjá, ó múra bí ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó so ṣaworo mẹ́sẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé e wọ ilé ọtí àwọn géè (ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin) tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbé ọtí fáwọn oníbàárà, ó tún ń gun orí káúńtà jó. Felipe Rose nìyẹn, ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Anvil, ilé ijó àwọn géè kan, pẹ̀lú. Kábọ́ì kan dúró sápá kan, ó ń wò ó. Ohun tí Morali rí nìyẹn: ọkùnrin méjì tí wọ́n fi aṣọ ṣe "akọ ọkùnrin" ju akọ lọ. Nígbà yẹn, bí ọ̀pọ̀ géè àdúgbò yẹn ṣe ń múra nìyẹn: irunmú, bùtù, jíǹsì tó fún mọ́ itan, akoto òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, awọ dúdú àwọn ọlọ́kadà.

Morali fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé òun fẹ́ kí àwọn géè ní ẹgbẹ́ orin tiwọn. Mo gbà á gbọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: àwo ti jáde kí ẹgbẹ́ tó wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ orin tó wà lórí àwo 1977, Victor Willis, òṣèré orí ìtàgé tó ti ṣe "The Wiz". Àwọn agberin tí wọ́n háyà ló gbè é. Rose wà nínú àwòrán ẹ̀yìn àwo, àwọn tó kù níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n sanwó fún kí wọ́n wá dúró. Ìgbà tí orin náà wá gbóná ní ilé ijó tí wọ́n ń béèrè pé kí ẹgbẹ́ wá ṣeré, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ń wá akọ ọkùnrin, kó mọ ijó jó, kó sì ní irunmú. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó mọ orin kọ.

Ìyá Ẹlẹ́rọ kọ:

Ẹ ṣé, Ṣaworo. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ àwo fúnra rẹ̀ kún un, torí orin yìí kì í ṣe orin rédíò rárá níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé ijó ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìlù ẹsẹ̀. Gbì, gbì, gbì, gbì, kò fo ìṣísẹ̀ kankan. Láàárín gbì kan sí èkejì ni idẹ pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọra máa ń là, á ní "tsí". Gòjé òyìnbó àti fèrè wá jókòó lé e lórí. Horace Ott ló ń to ìyẹn fún wọn. "Y.M.C.A." ń lọ ní nǹkan bí ìlù 127 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ ènìyàn lè gbà á fún wákàtí mélòó kan láìdákú.

Ní ti àwo: ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ kì í lọ gbọọrọ, ó máa ń mì sọ́tùn-ún mì sósì. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe mì tó, ìyẹn ló sì ń jẹ àyè jù. Lórí àwo kékeré oní-íǹṣì 7, tí orin bá ti ń kọjá ìṣẹ́jú 4, ẹni tó ń gẹ́ àwo gbọ́dọ̀ fún ìlà pọ̀ mọ́ra, kó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Tó bá fi agídí gbé ohùn sókè, ìlà kan á ya wọ inú èkejì, abẹ́rẹ́ á sì máa fò. Ìdí nìyẹn tí àwo oní-íǹṣì 12 fi di ti ilé ijó. Èèṣì ló sì kọ́kọ́ mú un wá: Tom Moulton lọ gẹ́ orin kan, àwo òfìfo oní-íǹṣì 7 ti tán lọ́wọ́ José Rodríguez tó ń bá a gẹ́ ẹ, ló bá lo oní-íǹṣì 10. Wọ́n wò ó, orin náà kó ara rẹ̀ jọ sí etí kan ṣoṣo bí ẹni òtútù mú. Wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ ẹ káàkiri kí wọ́n sì gbé ohùn sókè. Nígbà tí wọ́n fi máa gbọ́ ọ, ohùn náà ti yàtọ̀ pátápátá.

Ohun kejì ni ẹnu ọ̀nà. Orin DJ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ìlù nìkan ti ń dún níbẹ̀rẹ̀, kó lè fi èyí wọ inú èyí. Bí ohùn ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ìṣísẹ̀ kìíní, ẹni méjì á máa kọrin lé ara wọn lórí. Tí àwo tó ń dún bá wà ní 130, tí èyí tó ń bọ̀ wá jẹ́ 127, DJ á fi nǹkan bíi 2.4% kún eré èyí tó ń bọ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ ò tíì parí, torí ènìyàn ló lu ìlù ayé ìgbà yẹn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Á yára níhìn-ín, á falẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí DJ bá gbọ́wọ́ kúrò lára àwo, á máa dún bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan tí ọmọrí wọn ò bára mu.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí: ilé iṣẹ́ àwo Casablanca ti Neil Bogart tó gbé wọn jáde mọ̀ pé DJ ni ẹnu ọ̀nà. Láti 1975 ni àwọn DJ New York ti kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan tí ilé iṣẹ́ àwo ń kó àwo tuntun wá fún lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn náà á sì kọ ọ́ sórí ìwé bí agbo ṣe gba orin kọ̀ọ̀kan. Ilé ijó ló dá Village People mọ̀ kí rédíò tó dá wọn mọ̀.

Ọmọ_Peckham kọ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Nínú agbo ilé ijó New York yẹn, ọwọ́ ọmọ tiwa ti wà níbẹ̀ kí Morali tó dé. Francis Grasso tó ń lu àwo ní Sanctuary, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Jámánì tí wọ́n sọ di ilé ijó, máa ń ju àwo "Drums of Passion" ti Babatunde Olatunji sáàárín rọ́ọ̀kì àti sóòlù. 1960 ni àwo yẹn jáde. Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì ni Olatunji. Santana tún orin rẹ̀ kan ṣe ní 1969 ní "Jingo", Candido ará Kúbà wá sọ ọ́ di dísíkò pọ́ńbélé ní 1979 lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo Salsoul. Ó tán. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Abẹ́rẹ́Jẹ́jẹ́ kọ:

Ìyẹn dùn ún gbọ́, àbúrò. Ẹ padà sọ́dọ̀ wọn o. Ìgbà wo ni wọ́n kúrò ní ọwọ́ ilé ijó?

Ṣaworo77 kọ:

Díẹ̀díẹ̀ ni. Àwo 1977 yẹn, orin mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, orúkọ ibi tí àwọn géè ti ń ṣe fàájì ni wọ́n sì fi sọ púpọ̀ nínú rẹ̀: San Francisco, Fire Island, Greenwich Village. Kò sí ẹni tó mọ̀ tí kò gbọ́ ọ yé. "Macho Man" jáde ní 1978, ó wọ orí àtẹ ogójì tó lókè jù ní Amẹ́ríkà, rédíò bá gbọ́rùn sókè. Kí ọdún yẹn tó parí ni "Cruisin'" tún jáde tòun ti "Y.M.C.A.".

Ọ̀rọ̀ orin "Y.M.C.A." ni ọ̀bẹ olójú méjì. Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni ni YMCA. Ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ibùsùn olówó pọ́ọ́kú àti ibi eré ìdárayá fún ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ni wọ́n ń polówó. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìwẹ̀ ilé YMCA ní New York á rẹ́rìn-ín músẹ́. Willis tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń sọ látọdúnmọ́dún pé òun ò ní nǹkan ìkọ̀kọ̀ kankan lọ́kàn, pé eré àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ìgboro lòun ń wí. David Hodo tó máa ń wọ akoto òṣìṣẹ́ ìkọ́lé nínú ẹgbẹ́ sọ ní tirẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn géè lorin náà ti ṣẹ̀. Èmi rò pé kò sí èyí tó purọ́: Willis kọ tirẹ̀, Morali gbọ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ YMCA fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí orúkọ, wọ́n yanjú ẹ̀, àwọn náà rí i pé ìpolówó ọ̀fẹ́ ni.

Ijó tí gbogbo ayé ń fi apá jó yẹn, ẹgbẹ́ kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń pa sókè orí nígbà tí wọ́n bá pe Y. Ní ètò tẹlifíṣọ̀n "American Bandstand" ti January 6, 1979, àwọn ọmọ tó wà nínú agbo rò pé lẹ́tà ni wọ́n ń fi apá kọ, wọ́n bá ṣe M, C àti A tẹ̀ lé e. Dick Clark, atọ́kùn ètò náà, pe Willis kó wá wò ó, ibẹ̀ ló sì ti di tiwọn.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n dé lẹ́yìn ìyẹn. "In the Navy", 1979, ipò kẹta ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà fúnra wọn ló yá wọn ní ọkọ̀ ogun, USS Reasoner, ní San Diego, kí wọ́n fi ya fídíò, torí wọ́n fẹ́ fi orin náà pe àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́. Ìgbà tí àwọn èèyàn pariwo pé owó orí ni wọ́n ń ná lórí irú èyí, wọ́n so ìpolówó náà rọ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn: ìjọba gbé ọkọ̀ ogun fún ẹgbẹ́ tí ilé ijó géè bí, wọn ò sì tètè fura.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti ń yọ̀. Tí akọ̀ròyìn bá bi wọ́n bóyá géè ni wọ́n, ọ̀rọ̀ á di àfẹ̀yìnsọ. Ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ ni oníbàárà tuntun, wọn ò fẹ́ lé wọn. Àwọn tó ni agbo tẹ́lẹ̀ sì rí i pé aṣọ àwọn ni wọ́n wọ̀ jáde tí wọn ò lè dárúkọ ẹni tó ni ín.

Bàbá Onírédíò kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, àlàyé yín dáa, àmọ́ ẹ ò lè yọ Chicago kúrò níbẹ̀. July 12, 1979, pápá Comiskey Park. Steve Dahl, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ilé rédíò tó ń bá ṣiṣẹ́ yí sí dísíkò, ló ṣètò rẹ̀. Ilé rédíò rẹ̀ tuntun wà lórí 97.9, wọ́n sì ní ẹni tó bá mú àwo dísíkò kan wá á san sẹ́ǹtì 98 péré wọlé wo eré béèsìbọ́ọ̀lù méjì láàárín White Sox àti Detroit Tigers. Pápá kún àkúnya. Láàárín eré méjèèjì ni wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́ àwo náà sáàárín pápá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ya wọ pápá, wọ́n hú koríko, iná ń jó. Pápá ò ṣe é lò mọ́, wọ́n sì gba eré kejì lọ́wọ́ White Sox fún Tigers.

Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn sọ ọ́ pé àwo tí wọ́n ń kó wá kì í ṣe dísíkò nìkan, pé àwo àwọn olórin adúláwọ̀ tí kò kan dísíkò rárá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ̀rọ̀ náà "dísíkò" bí ẹni sá fún ejò. Ta ni ojú rẹ̀ hàn jù nínú dísíkò? Village People. Àwọn ló kọ́kọ́ máa jẹ ìyà.

Ìyá Ẹlẹ́rọ kọ:

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ wí. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àtẹ orin Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. "Funkytown" wà ní ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láti òpin May wọ June 1980. Oṣù yẹn gan-an ni fíìmù Village People jáde. Ní September, Diana Ross wà níbẹ̀ pẹ̀lú "Upside Down", orin tí Nile Rodgers àti Bernard Edwards ti ẹgbẹ́ dísíkò Chic kọ. February 1981, "Celebration" ti Kool & the Gang. Gbì, gbì, gbì, gbì ò kúrò nílẹ̀. Orúkọ ni wọ́n pa rẹ́. Ẹni tó ní ohùn tàbí tó ní ọwọ́ lórí irinṣẹ́ pa aṣọ dà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Village People ò lè pa aṣọ dà, torí aṣọ ni wọ́n.

Ohùn kan tí wọ́n ní, wọ́n sì ti sọ ọ́ nù. Willis fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1979, kí wọ́n tó ya fíìmù náà tán. Ray Simpson, àbúrò Valerie Simpson ti Ashford & Simpson, ló gba aṣọ ọlọ́pàá tí Willis máa ń wọ̀. Akọrin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Willis kì í ṣe akọrin nìkan, òun náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin. Ẹ fi etí ara yín gbọ́ àwo tó jáde ṣáájú àti àwo tó jáde lẹ́yìn.

Bàbá Onírédíò kọ:

Mo gbà lórí ohùn. Mi ò tíì gbà lórí rédíò. Ẹ máa wí.

Ṣaworo77 kọ:

Bàbá, fíìmù yẹn ló so tiyín àti ti Ìyá Ẹlẹ́rọ pọ̀. "Discoland" wà nínú orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ọdún 1979 ni wọ́n ń yà á, ọ̀rọ̀ Chicago sì ṣẹlẹ̀, wọ́n bá yára yí orúkọ sí "Can't Stop the Music". Orúkọ yí, fíìmù ò yí. Allan Carr ló ṣe é, Nancy Walker ló darí rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa darí fíìmù ńlá nìyẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ná. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ló pa ní Amẹ́ríkà. Ó rí ojú rere ní Ọsirélíà, àmọ́ Ọsirélíà ò lè san gbèsè Hollywood.

Àléébù fíìmù náà hàn kedere. Ìtàn bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń sọ, Steve Guttenberg ló dúró fún Morali. Síbẹ̀ wọ́n sọ Morali di ọmọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n gbé Valerie Perrine sáàárín pé òun ló ń kó wọn jọ, kò sì sí ibi tí wọ́n ti pe ẹnikẹ́ni ní géè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó kórìíra dísíkò ò ní wá wò ó. Àwọn géè wò ó, wọn ò bá ara wọn níbẹ̀. Ta ló wá kù? Ìgbà tí John Wilson kan san owó wo fíìmù yìí àti fíìmù "Xanadu" pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú bí i débi pé ó dá ẹ̀bùn fíìmù tó burú jù lọ sílẹ̀. "Can't Stop the Music" ló gba ti àkọ́kọ́.

Ìyókù ò gba àlàyé gígùn. 1981, wọ́n bọ́ aṣọ, wọ́n kun ojú bí àwọn ọmọ London ìgbà náà, wọ́n ṣe "Renaissance", kò tà. Willis padà wá ṣe àwo kan ní 1982, ó tún lọ. 1985 ni wọ́n túká. Ọdún yẹn náà ni Anvil ti ilẹ̀kùn, nígbà tí àrùn éèdì ti ń kó àwọn ọkùnrin agbo yẹn lọ. Morali fúnra rẹ̀, éèdì ló pa á ní November 1991. Ẹgbẹ́ ti tún padà láti 1987, wọ́n ń ṣeré níbi ayẹyẹ. Glenn Hughes, onírunmú tó máa ń wọ awọ dúdú ọlọ́kadà nínú ẹgbẹ́, gbowó ibodè rí ní ihò abẹ́ omi Brooklyn-Battery. Ó kú ní 2001.

Adájọ́Kékeré kọ:

Ẹ má tíì pa á dé. Ibi tí owó wà ò tíì kàn.

Willis ti fọwọ́ sí ìwé fún ilé iṣẹ́ Belolo, Can't Stop Productions, pé orin di tiwọn. Ìpín tó ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ wà láàárín 12% sí 20%. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà ti 1976 ní abala 203: ẹni tó bá gbé ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ fún ẹlòmíì láti January 1, 1978 síwájú lè gbà á padà lẹ́yìn ọdún 35. Ohun tó máa ń já èèyàn kulẹ̀ níbẹ̀ ni ìwé ìkìlọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ ó kéré tán ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Willis kọ tirẹ̀ ní January 2011 lórí orin 33.

Ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé òṣìṣẹ́ àwọn ni, torí orin tí òṣìṣẹ́ ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ò ṣe é gbà padà. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn mẹ́ta ló jọ kọ ọ́, ẹnì kan ò lè dá fa tirẹ̀ yọ. Ní May 2012, adájọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní San Diego dáhùn pé: ṣé òun nìkan kọ́ ló dá fọwọ́ síwèé nígbà tó gbé e sílẹ̀? Tó bá dá gbé e sílẹ̀, ó lè dá gbà á padà.

Ọmọ_Peckham kọ:

Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ìdá mẹ́ta ni yóò gbà nìyẹn. Kí ló dé tí wọ́n ń pariwo pé 50% ló bọ́ sọ́wọ́ Willis?

Adájọ́Kékeré kọ:

O bi í re. Lára ìwé orin, orúkọ mẹ́ta ló wà: Morali fún ohùn, Willis fún ọ̀rọ̀, Belolo fún ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ní ó ti kọ kí Willis tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Willis ní kò sí ọ̀rọ̀ Faransé kankan tí òun rí. Ní 2015, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ gbà pé Belolo ò kọ nǹkan kan nínú 13 lára àwọn orin náà, "Y.M.C.A." sì wà lára wọn. Ó ku méjì, ó di ààbọ̀. Àmọ́ Amẹ́ríkà nìkan ni òfin yìí dé o. Tí wọ́n bá lo orin náà ní London tàbí Èkó, àdéhùn àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní 2017 ni Willis padà wá gba iwájú ẹgbẹ́, àwọn tó kù tó ti ń ṣeré látọjọ́ yìí sì bọ́ sẹ́yìn.

Bàbá Onírédíò kọ:

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú wọn rí ju "Y.M.C.A." lọ, èwo ni kó kọ́kọ́ wá?

Ìyá Ẹlẹ́rọ kọ:

Ti 1977, Bàbá, pàápàá ojú kejì rẹ̀ tí "Fire Island" wà. Níbi títà àwo àlòkù, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ àwo fún nọ́ńbà NBLP 7064. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kì í ṣe àwo ọ̀wọ́n, torí náà kó má jẹ́ kí wọ́n bu owó gọbọi lé e lórí. Kó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó wo ibi tí ìlù nìkan ti ń dún ní ìbẹ̀rẹ̀ orin: ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àwọn DJ ti máa ń há a jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ yí i síwá-sẹ́yìn. Tó bá ti funfun níbẹ̀, á máa ta pàràpàrà. Tí ẹni tó ń tà á bá sì ní "Y.M.C.A." wà nínú rẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ: "Cruisin'" nìyẹn, NBLP 7118.